Zobo Kì í Ṣe Ẹ̀rọ̀ Májèlé: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọba Oníru

Kábíyèsí Aláyélúwà, Ọba Abdulwasiu Ọmọgbọ́láhàn Lawal, Àbísógun Kejì, Oníru ti ilẹ̀ Iru,

Ọmọ yín kan tó ń ta zobo lójú ọ̀nà etíkun Oníru ló kúnlẹ̀ kọ ìwé yìí. Ẹ lè má mọ̀ mí, àmọ́ ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ yín ti kọjá lára kúlà búlúù mi rí ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tí àwọn ọmọ Yábàá àti Sùúrùlérè bá ń wọ́ lọ síbi omi, tí àwọn ẹlẹ́ṣin sì ń wá oníbàárà tí wọn yóò gbé yípo iyanrìn. Gbangba ni mo ti kọ ọ́. Mi ò fi sínú àpò ìwé ránṣẹ́ sí ààfin, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tó ń tà, ó kan ẹni tó ń rà, ó sì kan ẹran tí kò lẹ́nu tí yóò fi rojọ́.

Ajá kan ló fà á.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mègáàdì ilé kan gbé ajá wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Ó ń sáré, bàtà ẹsẹ̀ kan ti bọ́ sọ́nà. Eégbọn ló ń da ajá náà láàmú, ló bá lọ ra ọ̀tapíápíá, oògùn apakòkòrò tí wọ́n dà sínú ìgò omi kékeré, ó fi rin àkísà, ó sì fi pa ajá lára láti ọrùn dé ìrù. Ajá ò mọ̀ pé oògùn ni. Ó yíjú padà, ó ń lá ara rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí itọ́ fi ń hó lẹ́nu rẹ̀ bí ìfófòó ọṣẹ. Ojú rẹ̀ ń ṣomi. Mo tẹjú mọ́ ojú náà: ọmọlójú rẹ̀ ti sún kì, ó kù bí orí abẹ́rẹ́. Ẹran itan rẹ̀ ń gbọ̀n fúnra rẹ̀, bíi pé nǹkan ń rìn lábẹ́ awọ. Ó ti tọ̀ sí mègáàdì lára, mègáàdì ò tilẹ̀ mọ̀.

"Ìyá oní-zobo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní èyí tó nípọn jù. Wọ́n ní ó máa ń fọ májèlé."

Ìyá tó ń sun àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti gbé epo pupa dé. Èmi náà ti ṣí ìgò. A ti ń ya ẹnu ajá nígbà tí obìnrin kan tó ń kọjá lọ pariwo mọ́ wa. Dókítà ẹran ni. Ó ní ẹran tí kò lè gbé itọ́ ara rẹ̀ mì, bí a bá da ohunkóhun sí i lẹ́nu, inú ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà lọ, a ó sì pa á kí májèlé tó pa á. Ó ní kí a fi ọ̀rá wé ọwọ́, kí a bu omi àti ọṣẹ wá. Ẹ̀ẹ̀mejì la fọ ajá náà níbẹ̀, lẹ́bàá gọ́tà, kí oògùn tó kù lára rẹ̀ má baà máa wọlé sí i. Ó gbé e sínú ọkọ̀, ó lọ gún un ní abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní atropine, ó sì ń tún un gún títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì, ajá dìde.

Kábíyèsí, ẹ̀kán zobo kan kò kan ajá yẹn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìròyìn tó kárí àdúgbò ni pé zobo mi ló jí ajá dìde. Ọjà mi tà. Oníbàárà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ra ìgò méjì méjì, wọ́n ní àwọn fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sínú fìríìjì nítorí ọmọ tó lè ṣèèṣì mu nǹkan. Mo gba owó wọn. Ìgbà tí mo délé ni ojú wá tì mí, ìtìjú yẹn ló sì mú kí n wá bírò.

Èmi náà ka ìwé díẹ̀. Bàyókẹ́mísírì ni mo kà ní yunifásítì kí àìríṣẹ́ tó gbé mi dé ìdí kúlà. Mo ti fọ àgò eku funfun rí, mo sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ "zobo ń fọ májèlé" ti ṣẹ̀ wá. Kì í ṣe irọ́ látòkèdélẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n gé lórí àti ní ìrù, tí wọ́n wá ń ta àárín rẹ̀ fún wa.

Ìṣápá ni àwa Yorùbá ń pe ewéko tí à ń fi ṣe zobo. Funfun rẹ̀ la fi ń se ọbẹ̀ ìṣápá. Pupa rẹ̀ ni ará Òkè Ọya ń pè ní zobo, tí àwọn ará Senegal ń pè ní bissap, tí àwọn ará Íjíbítì ń pè ní karkade, tí àwọn ará Jàmáíkà sì ń pè ní sorrel. Ohun tó mú un pọ́n bẹ́ẹ̀ ni èròjà tí wọ́n ń pè ní anthocyanin. Èròjà yìí, òun àti fítámì C àti àwọn mìíràn tó wà nínú rẹ̀, ló ń gbógun ti nǹkan kan tó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ara nígbà tí májèlé bá wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi irin ṣàpèjúwe rẹ̀. Bí ìrì ṣe ń mú irin dógùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ májèlé ṣe ń mú kí ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ọpọlọ máa dógùn-ún díẹ̀díẹ̀ láti inú. Àwọ̀ pupa ìṣápá dà bí ọ̀dà tí a kùn sára irin: ó máa ń dín dídógùn-ún kù.

Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ kan, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ebenezer Farombi ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára wọn, tẹ ìwádìí jáde lórí eku tí wọ́n fún ní sodium arsenite. Májèlé gidi ni, wọ́n ti fi pa koríko àti kòkòrò rí láyé àtijọ́. Eku tí wọ́n fún ní omi ìṣápá kò fara gbá a tó èyí tí wọn kò fún. Ní ọdún 2012, Farombi yìí kan náà àti Sunny Abarikwu àti ẹlẹgbẹ́ wọn mìíràn fi èròjà inú orógbó, kolaviron, dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì kórópọ̀n eku lọ́wọ́ atrazine, oògùn apakoríko tí àwọn àgbẹ̀ wa ti ń fọ́n sí oko àgbàdo tipẹ́. Nílé àti lókè òkun, àwọn onímọ̀ ti dán tíì, sóyà àti oríṣiríṣi èso wò bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tó níyì ni. Inú mi máa ń dùn pé ohun tí ìyá wa ń kó sínú ìkòkò ọbẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ń gbé yẹ̀ wò nínú yàrá ìwádìí.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ inú yàrá eku náà, Kábíyèsí. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń pín eku sí. Ọ̀wọ́ kìíní ń mu omi lásán. Ọ̀wọ́ kejì ń mu zobo nìkan. Ọ̀wọ́ kẹta ń gba májèlé nìkan. Ọ̀wọ́ kẹrin ń gba méjèèjì. Ojoojúmọ́ ni a ó gbé eku kọ̀ọ̀kan lé òṣùwọ̀n, a ó ṣírò ìwọ̀n tó tọ́ sí i, a ó fi abẹ́rẹ́ tí kò lẹ́nu ṣóńṣó rọ ọ́ sí i lọ́fun. Májèlé náà kì í tó èyí tí yóò pa á lójú ẹsẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà mìíràn, zobo ti wà nínú ara eku kí májèlé tó dé. Ní ìparí, a ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a ó wo ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀wọ́ kẹrin bá sàn ju ọ̀wọ́ kẹta lọ, a ó kọ ọ́ pé zobo dáàbò bò ó.

Ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí eku tó mu ọ̀tapíápíá lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹnì kan wá sáré fi zobo gbà là. Kò sí zobo tí ṣúgà, fílévọ̀ àti áísì pọ̀ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni "ó sàn ju" kò túmọ̀ sí pé ara eku náà padà sí bó ṣe wà. Ẹni tó bá wá ta òye yìí fún mègáàdì pé "ó máa ń fọ májèlé" ti fo odò kan kọjá láìsí afárá.

Ohun tí ọ̀tapíápíá ń ṣe lára ajá tún yàtọ̀ sí dídógùn-ún. Dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Nínú ara ẹ̀dá, nígbà tí iṣan bá fẹ́ jíṣẹ́ fún ẹran ara pé "súnkì", ó máa ń tú èròjà kan jáde. Bí iṣẹ́ bá ti jẹ́ tán, aṣọ́nà kan wà tó máa ń gbá èròjà náà kúrò kí ẹran ara lè sinmi. Cholinesterase ni orúkọ aṣọ́nà náà. Dichlorvos máa ń di aṣọ́nà yìí lápá lẹ́sẹ̀. Ìlẹ̀kùn á wá ṣí sílẹ̀ gbayawu: itọ́ á máa dà, ojú á máa ṣomi, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ á máa jáde, ẹran ara á máa gbọ̀n, ọmọlójú á sún kì, èémí á wá di ogun. Ohun tí mo rí lára ajá yẹn nìyẹn. Àwọ̀ pupa ìṣápá lè kun irin, kò lè tú aṣọ́nà tí wọ́n dè.

Atropine kì í tú u, àmọ́ ó máa ń di etí àwọn ẹ̀yà ara kan kí ariwo náà má wọ̀ wọ́n mọ́, kí èémí lè máa lọ títí ara yóò fi rọ́nà. Oògùn kejì wà, pralidoxime, tó máa ń gbìyànjú àtitú aṣọ́nà sílẹ̀. Ohun tó ya mi lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á ni pé atropine fúnra rẹ̀, inú ewéko ló ti wá, ìtàn rẹ̀ sì gba ilẹ̀ wa kọjá. Ní Calabar, àwọn Efik ní ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní esere, tí wọ́n fi ń dán àjẹ́ wò. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ tó kú, wọ́n á ní ó jẹ̀bi. Láàárín ọdún 1860 sí 1872, dókítà kan ní Edinburgh, Thomas Fraser, jókòó ti ẹ̀wà yìí, ó sì fi ẹranko ṣe ìdánwò tó fi hàn pé atropine lè gba ẹni tí májèlé esere mú. Ọ̀nà tí esere gbà ń pani àti ọ̀nà tí ọ̀tapíápíá gbà ń pani fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà: aṣọ́nà kan náà ni wọ́n ń dè. Nítorí náà, n kò bínú sí ewé àti egbò. Ewéko lè jẹ́ ẹ̀rọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó jẹ́ ẹ̀rọ̀, a gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́, a gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ mọ májèlé tó bá mu.

Zobo pàápàá ní ìwọ̀n. Ní ọdún 2003, Akindahunsi àti Olaleye ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ tẹ ìwádìí jáde. Nígbà tí wọ́n fún eku ní omi ìṣápá lemọ́lemọ́, àwọn àmì kan nínú ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ẹ̀dọ̀ ń jìyà. Ẹ̀dọ̀ tí zobo dáàbò bò nínú ìwádìí ọdún 2005, zobo kan náà ló ń yọ lẹ́nu ní Àkúrẹ́ nígbà tó pọ̀ jù. Ní ti ènìyàn, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2010, lára àgbàlagbà 65, fi hàn pé kọ́ọ̀bù mẹ́ta tíì ìṣápá lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀. Ohun rere ni. Àmọ́ ẹni tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ kí ó tó máa fi zobo kún un. Ìwádìí ilẹ̀ wa kan ní ọdún 2004 sì fi hàn pé zobo lè mú kí parasitámọ̀ tètè kúrò lára. Ohun tó lè ti oògùn jáde kúrò lára kì í ṣe omi lásán. Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń fi jálá zobo gbé oògùn mì.

Kábíyèsí, àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lé eku. A ti lé eku títí. Ẹ jẹ́ ká wo iná.

Iná náà wà nínú ọjà wa. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí kì í ṣe ọjà Oníru nìkan. Bí ẹ bá dé Mile 12, bí ẹ bá dé Ajah, ẹ ó bá a. Ẹni tó ń ta oúnjẹ ń bẹ̀rù kòkòrò ju bó ṣe ń bẹ̀rù kẹ́míkà lọ, nítorí kòkòrò hàn, kẹ́míkà kò hàn. Àpò ẹ̀wà tí kòkòrò bá wọ̀, àdánù ni. Ìgò ọ̀tapíápíá kan kò tó owó báàgì ẹ̀wà. Wọ́n á wọ́n ọn sí àpò, wọ́n á dì í pa. Wọ́n á fi lé eṣinṣin lára ẹja gbígbẹ àti pánlá. Ní ọdún 2015, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ wa. Ìwọ̀n dichlorvos tí òfin wọn gbà kò ju 0.01 mílígíráàmù nínú kílò kan lọ. Èyí tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó sì dé 4.6. Ṣé ẹ rí 4.6 yẹn? Ìlọ́po 460 ni. Wọ́n fa àsìkò ìfòfindè náà gùn ní 2016, wọ́n tún fà á gùn di 2022. Irú ẹ̀wà tí wọ́n kọ̀ yẹn kan náà wà nínú ọjà wa. Àwa là ń jẹ ẹ́.

Ìṣápá náà kò mórí bọ́. Ní ọdún 2017, Mexico dá zobo wa dúró nítorí kòkòrò tí wọ́n bá nínú rẹ̀, ó sì tó ìgbà díẹ̀ kí àwọn aṣọ́bodè ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wa, NAQS, tó bá wọn yanjú ọ̀rọ̀ náà. Òwò tó ń mú ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là wọlé ni kòkòrò kékeré dá dúró. Nígbà tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀rù á ba ẹni tó ń kó o pamọ́, ẹni tí ẹ̀rù bá sì ń bà, ìgò tó sún mọ́ ọn ló máa mú. Èmi náà ti ṣí àpò ìṣápá rí tí òórùn rẹ̀ gba imú mi bí òórùn yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín. Mo dá a padà. Mo sì ti ra kẹ̀ẹ̀gì àlòkù kan rí, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú ọṣẹ, òórùn kan ṣì wà nídìí rẹ̀ tí mo mọ̀ dájú pé kì í ṣe òórùn epo. Mo gún un lọ́bẹ kí ẹlòmíràn má baà ṣà á lò. Ẹ rò ó wò: ohun mímu tí à ń sọ pé ó ń gbani lọ́wọ́ májèlé, nínú kẹ̀ẹ̀gì májèlé.

Òfin kò ṣaláìsí. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) to dichlorvos sí ìpele Ib, ìpele àwọn oògùn apakòkòrò tó léwu gan-an. Ní ọdún 2019, NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ní kí wọ́n má ṣe Sniper, oògùn apakòkòrò tó ní dichlorvos nínú, àti irú rẹ̀ sínú ìgò kéékèèké tí kò ju 100 mílílítà lọ mọ́, kí wọ́n má sì tà á ní súpámákẹ́ẹ̀tì àti ọjà gbangba, àfi ní ṣọ́ọ̀bù tó gba ìwé àṣẹ láti ta oògùn oko. Àjọ náà ti fòpin sí paraquat, oògùn apakoríko, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ó fòpin sí chlorpyrifos, oògùn apakòkòrò, ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, atrazine sì tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Lórí ìwé, ó pé. Ṣùgbọ́n ìgò omi tí mègáàdì yẹn mú wá kò ní lébẹ́ẹ̀lì kankan lára. Òfin tó de ìgò kékeré kò rí ẹni tó ń ra lítà kan tó ń bu ú sínú ìgò omi lábẹ́ agboòrùn. Abẹ́ agboòrùn ni ọ̀rọ̀ wà, ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé sí ẹni tó ni ilẹ̀ tí wọ́n na agboòrùn sí.

Ẹ̀yin gan-an sì mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ọba mìíràn lọ. Kí ẹ tó gorí àpèrè ní ọdún 2020, ẹ ti ṣe kọmíṣánnà fún ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ mọ oko, ẹ mọ ọjà, ẹ sì mọ ohun tó wà láàárín méjèèjì. Mi ò ní kí ẹ di NAFDAC. Nǹkan mẹ́rin ni mo ń tọrọ, kò sì sí èyí tó gba kí a kọ́ ilé kan nínú wọn.

Ìkíní, kí Kábíyèsí pe ìyálọ́jà, bàbálọ́jà àti àwọn ará káńsù Iru-Victoria Island jókòó, kí wọ́n fi ẹnu kò lórí ohun méjì: kí ẹnikẹ́ni má bu ọ̀tapíápíá tà nínú ìgò omi tàbí ìgò ohun mímu ní ilẹ̀ Iru, kí ẹnikẹ́ni má sì fi í pa kòkòrò lára oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu ìyálọ́jà jáde máa ń rin jìnnà nínú ọjà ju ìwé ìjọba lọ.

Ìkejì, kí a má kàn gba kóńdó lọ́wọ́ oníṣòwò láì fún un ní nǹkan mìíràn. Ilé ìwádìí ìpamọ́ irè oko, NSPRI, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Ìlọrin, mọ ọ̀nà tí a ń gbà tọ́jú ẹ̀wà láìsí kẹ́míkà. Àpò onípele mẹ́ta kan wà tó ti inú iṣẹ́ Yunifásítì Purdue jáde, iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Kamẹrúùnù ní ìparí àwọn ọdún 1980: ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun lóde. Bí a bá da ẹ̀wà tó gbẹ dáadáa sínú rẹ̀, tí a fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí a so ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́nu pinpin, kòkòrò tó wà níbẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ tó kù tán, kò ní lè jẹun, kò ní lè yé. Kẹ̀ẹ̀gì oúnjẹ tó mọ́, tó kún dé ẹnu, tí a dé pa, ń ṣe iṣẹ́ kan náà nínú ilé. Ẹ pè wọ́n wá sí ọjà Oníru ní ọjọ́ kan, kí wọ́n so àpò kan lójú gbogbo wa, kí a sì padà tú u lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ọlọ́jà tó bá fojú ara rẹ̀ rí i kò nílò ìwàásù.

Ìkẹta, kí a pe àwa oní-zobo jọ. A pọ̀ ní etíkun yìí, kò sì sí ẹni tó mọ iye wa. Kí wọ́n kọ́ wa ní bí a ṣe ń yan ìṣápá, bí a ṣe ń ṣàn án, bí a ṣe ń sè é, irú ìgò àti kẹ̀ẹ̀gì tí a lè lò. Kí wọ́n sì sọ fún wa pé ẹni tó bá ń pariwo pé zobo òun ń wo májèlé, iṣẹ́ tí kò kọ́ ló ń ṣe. Bí owó wa bá máa dín kù díẹ̀ nítorí òótọ́, kí ó dín kù.

Ìkẹrin, pátákó kan ṣoṣo ní ẹnu ọjà àti ní ẹnu ọ̀nà etíkun, ní Yorùbá, Hausa àti Píjìn. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí oògùn apakòkòrò bá kan ènìyàn lára, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bí ó bá gbé e mì, ẹ má fún un ní zobo, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fi tipátipá mú un bì. Ẹ mú ìgò oògùn náà dání. Ẹ pe 767 tàbí 112. Ẹ sáré gbé e dé ilé ìwòsàn. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n fi kún un pé ọ̀tapíápíá kì í ṣe oògùn eégbọn ajá, kì í sì í ṣe oògùn eṣinṣin ẹṣin. Àwọn ẹlẹ́ṣin etíkun wa nílò ìlà ìkẹyìn yẹn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ló kan ọba nínú ọ̀rọ̀ eku àti ajá. Ẹran ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún wa pé nǹkan bàjẹ́ nínú ilé. Ajá kéré sí wa, imú rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀, ó ń lá ohun tí àwa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Àmọ́ ohun tó wà nínú ìgò omi yẹn, ọmọ ọdún méjì tí òùngbẹ ń gbẹ kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí omi.

Mègáàdì yẹn ṣì máa ń kọjá. Ajá náà ń tẹ̀ lé e, ó rù díẹ̀, ó sì máa ń jìnnà sí ẹnikẹ́ni tó bá mú àkísà lọ́wọ́. Ní ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, mo gé páálí kan, mo fi bírò dúdú kọ ọ́ gàdàgbà, mo so ó mọ́ kúlà mi: ZOBO TÚTÙ. KÌ Í ṢE OÒGÙN. Àwọn méjì nínú àwọn mẹ́ta tó ra ìgò méjì méjì ti kà á. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín, ó ra ìgò kan, ó mu ún tán lójú mi nítorí oòrùn mú. Ìkejì kò rà mọ́.

Tèmi nìyẹn, Kábíyèsí, mo ti so ó mọ́ kúlà. Ti ọjà ló kù, ọwọ́ yín ló wà.

Kábíyèsí o.

Èmi ni ọmọ yín,
Oní-zobo kan lójú ọ̀nà etíkun Oníru